Bùbá Tó Bá Ara Mu, Tó Sì Bá Ọjọ́ Mu

Ọ̀rọ̀ bùbá àti búláòsì ni a fẹ́ bá ara wa sọ lọ́tẹ̀ yìí. Ṣùgbọ́n kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ jẹ́wọ́ àṣìṣe kan tí àwa fúnra wa ṣe.

Ìgbéyàwó kan ni a ń múra sílẹ̀ fún nígbà náà. Àwa obìnrin pinnu pé a ó ra léèsì kan náà. Aṣọ tí a rà dára. Ibi tí a ti ṣì í ni pé a tún mú àwòrán kan ṣoṣo nínú kàlẹ́ńdà télọ̀, a ní kí gbogbo ènìyàn rán an bẹ́ẹ̀: búláòsì tó fún mọ́ ara pinpin, tó ní sípù lẹ́yìn. Ìyá ìkókó kan wà láàárín wa, ọmọ rẹ̀ kò tíì ju oṣù 3 lọ. Kò sọ nǹkan kan, nítorí kò fẹ́ kí a wí pé òun ń ya ara òun sọ́tọ̀.

Nígbà tó di ọjọ́ náà, ibi tí a ti ń jẹun ni ọmọ ti bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Ebi ń pa á. Ìyá rẹ̀ kò rí ọ̀nà fún un lọ́mú láti iwájú. Ó wọ yàrá kan lọ, àwa méjì tẹ̀lé e. A fa sípù, ó há. A tún fà á, kò lọ sókè, kò lọ sílẹ̀. Ọmọ ń ké, ọmú ti kún, ó ń dun ìyá rẹ̀, òógùn bo gbogbo wa. Nígbẹ̀yìn, àlùmọ́gàjí ni a fi gé aṣọ náà lẹ́yìn. Ọmọ mu ọmú, ó dákẹ́. Ìyá ni ó wá ń sunkún, nítorí àwìn ni ó fi ra léèsì náà, kò sì tíì san án tán. Ìborùn ni ó fi bo ẹ̀yìn relé.

Àwọn kan fi ọ̀rọ̀ náà ṣe ẹ̀rín. Àwa kò lè rẹ́rìn-ín, nítorí àwa ni a mú àwòrán náà. Ohun tí ó kọ́ wa lọ́jọ́ náà ni a fẹ́ sọ fún yín.

ARA YÍN NI KÍ Ẹ KỌ́KỌ́ WÒ

Àwọn àgbà sọ pé ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀. Nítorí náà, kò sí ohun tó burú nínú kí obìnrin wọ ẹ̀wù tó yẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n wọ́n tún sọ pé ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ẹ̀wù tó yẹ ọ̀rẹ́ yín lè má yẹ yín.

Bí ọrùn yín bá kúrú, ọrùn bùbá tó sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀ níwájú bíi lẹ́tà V yóò yẹ yín ju èyí tó pa ọrùn dé lọ. Kí ó má kàn sọ̀ ju ìwọ̀n ìka 3 tàbí 4 sí ìsàlẹ̀ kòtò ọ̀fun. Bí èjìká yín bá fẹ̀, ẹ fi apá tó wú sílẹ̀ fún ẹni tí èjìká rẹ̀ kéré. Bí àyà yín bá kún, ẹ sọ fún télọ̀ kí òdòdó ńlá inú aṣọ má bọ́ sí orí àyà, nítorí ibẹ̀ ni ojú gbogbo ènìyàn yóò kọ́kọ́ lọ. Ẹni tí ikùn rẹ̀ yọ díẹ̀, kí ó jẹ́ kí bùbá rẹ̀ wálẹ̀ tààrà láti èjìká. Ẹni tó tẹ́ẹ́rẹ́, gínnì tó le tó sì ń dúró yóò fi ara díẹ̀ kún un.

Ní ti àwọ̀, ẹ má ṣe yàn án lábẹ́ iná ìsọ̀. Ẹ gbé aṣọ náà jáde sí ojú ọ̀sán, kí ẹ gbé e súnmọ́ ojú yín nínú dígí. Bí ojú yín bá ń dán, ẹ rà á. Bí ojú bá rẹ̀wẹ̀sì, ẹ dá a padà, bó ti wù kí ó wọ́n tó.

KÍ TÉLỌ̀ TÓ GÉ AṢỌ

Yáàdì 6 ànkárá máa ń tó ìró àti bùbá. Bùbá nìkan máa ń gba nǹkan bíi yáàdì 2, ẹni tó bá sanra yóò fi díẹ̀ kún un. Bí ó bá jẹ́ aṣọ òwú, ẹ kọ́kọ́ rẹ ẹ́ sínú omi, kí ẹ sá a gbẹ, nítorí òwú máa ń sún kì nígbà àkọ́fọ̀. Àwọ̀tẹ́lẹ̀ tí ẹ ó wọ̀ sábẹ́ ẹ̀wù náà ni kí ẹ wọ̀ lọ wọn ara. Ní ti búláòsì, kí télọ̀ fi nǹkan bí íǹsì 2 sí 4 kún ìwọ̀n àyà, kí ẹ lè mí. Kí ó sì fi aṣọ díẹ̀ sílẹ̀ nínú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú rírán, kí a lè tú u bí ara bá sanra.

Bí ẹ bá lọ wọ̀ ọ́ wò, ẹ má kàn dúró níwájú dígí. Ẹ jókòó. Ẹ tẹ̀ba bí ẹni fẹ́ pọn ọmọ. Ẹ kúnlẹ̀. Ẹ gbé ọwọ́ méjèèjì sókè bí ẹni ń yin Ọlọ́run. Bí ikùn bá yọ síta, ẹ̀wù náà kúrú. Bí abẹ́ apá bá ń fà, ó fún. Ní ṣọ́ọ̀bù télọ̀ ni kí ẹ ti mọ̀, kì í ṣe níwájú ìjọ.

ỌJỌ́ KỌ̀Ọ̀KAN ÀTI Ẹ̀WÙ TIRẸ̀

Fún ìsìn ọjọ́ Ìsinmi, bùbá ànkárá tàbí àdìrẹ tó jẹ́ òwú ni ó dára jù nínú ooru, nítorí òwú ń fa òógùn mu. Polyester kì í fà á mu bẹ́ẹ̀. Àdìrẹ tuntun, irú èyí tí wọ́n ń tà ní Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta, ẹ fọ̀ ọ́ lọ́tọ̀ kí aró má bàa ran aṣọ mìíràn. Fún ìṣọ́ òru, bùbá tí apá rẹ̀ gùn yóò gbà yín lọ́wọ́ ẹ̀fọn àti òtútù ọyẹ́.

Fún iṣẹ́ ọjà àti ilé ìdáná, apá ẹ̀wù kò gbọdọ̀ fẹ̀ jù. Ẹ̀rọ ìlọta lè fa apá bùbá wọlé, iná sítóòfù sì lè ràn mọ́ ọn. Ẹ ṣọ́ra fún aṣọ bíi polyester nídìí iná, nítorí bí iná bá mú un, yíyọ́ ni ó ń yọ́, a sì lẹ̀ mọ́ ara.

Fún ìgbéyàwó, ẹ wọ léèsì yín. Láti ìgbà bí ọdún 1960 sí 1969 ni léèsì láti Austria ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé wá, ó sì ti di aṣọ wa. Ṣùgbọ́n ó ní ihò. Ẹ jẹ́ kí télọ̀ fi aṣọ òwú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tẹ́ inú rẹ̀. Bí ẹ bá ń lọ bá ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ kẹ́dùn, bùbá tó wà nílé tó. Kò yẹ kí a jẹ gbèsè tuntun nítorí ẹni tó ń sunkún.

Ìyá ìkókó, níbikíbi tí ẹ bá ń lọ, bùbá gbẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí búláòsì oníbọ́tìnnì níwájú ni tiyín. Àjọ Ìlera Àgbáyé gbani nímọ̀ràn pé ọmú ìyá nìkan ni kí ọmọ máa mu fún oṣù 6 àkọ́kọ́. Aṣọ kankan kò gbọdọ̀ dí ọmọ lọ́wọ́ oúnjẹ rẹ̀.

Ẹ̀YIN TÍ Ẹ Ń DÁ AṢỌ ẸGBẸ́

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa aṣáájú obìnrin jù. Ẹ jẹ́ kí a yan aṣọ kan náà, kí a sì fi rírán rẹ̀ sílẹ̀ fún olúkúlùkù gẹ́gẹ́ bí ara rẹ̀ ti rí. Kí a yan èyí tí apá ẹni tí kò ní lọ́wọ́ láàárín wa ká. Ẹ̀wù àyálò kì í yẹ ọmọ ènìyàn. Bí kò fúnni lọ́rùn, a fúnni lápá. Ẹ̀wù àwìn náà kò yàtọ̀ sí i. Ẹ rántí Dọ́káàsì ará Jọ́pà, nínú Ìṣe Àwọn Àpósítélì orí 9. Nígbà tí ó kú, ẹ̀wù tí ó rán fún àwọn opó ni wọ́n ń fi han Pétérù. A kò gbọ́ pé ó dá aṣọ tó sọ opó kankan di onígbèsè.

Ní ti arábìnrin wa yẹn, a dá owó láàárín ara wa, a san gbèsè léèsì náà. Ìrépé tó ṣẹ́kù lọ́wọ́ wa ni télọ̀ fi tún ẹ̀wù náà ṣe: ó rán ẹ̀yìn rẹ̀ pa, ó fi bọ́tìnnì síwájú, ó tú ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kí ó lè gbà á. Ó wọ̀ ọ́ wá sí ìsìn ìdúpẹ́. Nígbà tí ọmọ ké, ó tú bọ́tìnnì 2, ó fi ìborùn bo ọmọ, ọmọ ń mu, ìyá ń kọrin. Nínú gbogbo àwa tí a wọ léèsì yẹn, òun ni ó yẹ jù.