Ẹyin Agẹmọ Kì í Ṣe Ẹyin Adìẹ

Àgbẹ̀ kan wà nínú àwọn tó ń kọ́ ìwé lọ́dọ̀ wa ní agbègbè Kétu. Lálẹ́ ọjọ́ kan, ó gbé igbá kan wá sí kíláàsì. Ẹyin kéékèèké ni ó kún inú rẹ̀, gbogbo wọn ti bàjẹ́. Ó ní òun rí abo agẹmọ kan tó ń gbẹ́ ilẹ̀ nínú oko ẹ̀gẹ́ òun. Nígbà tí agẹmọ náà lọ tán, ó hú ẹyin rẹ̀, ó fọ̀ wọ́n mọ́, ó sì kó wọn sábẹ́ adìẹ tó ń sàba. Ó ti gbọ́ pé àwọn òyìnbó ń ra agẹmọ. Ó wá bi mí pé: «Olùkọ́, níbo ni mo ti ṣì í?»

Èmi ìbá fẹ́ kí ó fi ẹyin náà sílẹ̀ níbi tí ìyá wọn kó wọn sí. Ṣùgbọ́n ìbéèrè rẹ̀ tọ́ sí ìdáhùn, nítorí kì í ṣe òun nìkan ni ó ń gbèrò òwò yìí.

Adìẹ máa ń yí ẹyin rẹ̀, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ẹyin agẹmọ kò fẹ́ yíyí. Bí a bá ti bá a nínú ilẹ̀ ni kí ó wà títí ọmọ yóò fi jáde. Bí a bá dojú rẹ̀ dé, ọmọ inú rẹ̀ lè kú. Nítorí náà ni àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí fi ń fa àmì kékeré sí orí ẹyin kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó gbé e. Ooru adìẹ pẹ̀lú ti pọ̀ jù. Ẹyin adìẹ ń fẹ́ ìwọ̀n ooru bíi 37. 25 sí 28 ti tó fún ti agẹmọ. Ní oṣù Ẹrẹ́nà, inú yàrá tí a fi páànù bò máa ń gbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ lọ́sàn-án.

Èèpo ẹyin náà rọ̀ bí awọ, ó ń fa omi láti inú ilẹ̀, ó sì ń tóbi sí i. Inú iyanrìn tútù, nínú ike tó ní ìdérí, ni à ń rì í sí dé ìdajì. Bí a bá fún iyanrìn náà lọ́wọ́, omi kò gbọdọ̀ kán. Omi púpọ̀ ń mú kí ẹyin bu. Gbígbẹ ń mú kí ó tẹ̀ wọnú.

Ẹyin adìẹ ń pa ní ọjọ́ 21. Agẹmọ ilẹ̀ Yémẹ̀nì, èyí tí àwọn olùsìn mọ̀ dáadáa, oṣù 6 sí 9 ni ẹyin tirẹ̀ sábà ń lò. Abo rẹ̀ tilẹ̀ lè yé ẹyin láìrí akọ, irú ẹyin bẹ́ẹ̀ kò sì lè di ọmọ. Ta ni yóò rántí ọjọ́ tí ó yé e bí kò bá kọ ọ́ sílẹ̀?

Àwọn àgbà wa ní: «Alágẹmọ ti bí ọmọ rẹ̀ ná, àìmọ̀ọ́jó kù sọ́wọ́ ọmọ alágẹmọ.» Òótọ́ ni, ìyá wọn kì í padà wá wò wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbé ẹyin wálé kò lè fi òwe yìí ṣe àwáwí. Ọmọ agẹmọ kì í jẹ àgbàdo. Kòkòrò ààyè, tó kéré bí eṣinṣin tó máa ń bà lé ọ̀gẹ̀dẹ̀ pípọ́n, ni ó ń jẹ lójoojúmọ́. Ẹ̀kán omi lórí ewé ni ó ń lá. Bí ọgbọ̀n ọmọ bá jáde lọ́sẹ̀ kan, ta ni yóò máa mú eṣinṣin fún wọn? Ibẹ̀ ni owó tí a ń retí ti ń tán.

Ohun tó ń dùn mí jù ni ọ̀nà àbùjá. Ẹlòmíràn yóò mú abo tó lóyún nínú igbó, yóò dúró kí ó yé, yóò sì máa pe ara rẹ̀ ní olùsìn agẹmọ. Àdéhùn àgbáyé kan tí a fọwọ́ sí ní Washington ní ọdún 1973 ń ṣọ́ òwò agẹmọ. Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ tà á sí òkè òkun gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ. A kò tíì mọ agẹmọ tiwa tán pàápàá: ní ọdún 2007 ni àwọn onímọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ fún irú kan láti Tógò àti Bẹ̀nẹ̀ ní orúkọ, Chamaeleo necasi. Ṣé kí a tà á tán kí a tó mọ̀ ọ́n ni?

Àgbẹ̀ wa tún rí abo mìíràn ní igun oko kan náà. Lọ́tẹ̀ yìí, kò hú nǹkan kan. Ó ri ọ̀pá mẹ́rin yí ibẹ̀ ká kí ọkọ́ má baà kàn án, ó sì kọ ọjọ́ náà sínú ìwé rẹ̀.