Ohùn Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ Kò Yẹ Kó Bá Afẹ́fẹ́ Lọ

Ní Zoo Road ní ìlú Kano, iṣẹ́ òṣèré Hausa kì í tètè parun: àwọn oníṣòwò ibẹ̀ ti tà á nínú kásẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì ti tà á nínú àwo. Ṣùgbọ́n bí Yorùbá tó ń gbé Sabon Gari bá ń wá ohùn àwọn tó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ lórí rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, ọjà wo ni yóò ná?

Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959, nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, dá WNTV sílẹ̀ ní Ìbàdàn, ojú Ìyáàfin Aníkẹ́ Agbájé-Williams, ọmọ Abẹ́òkúta, ni àwọn òǹwòran kọ́kọ́ rí. Ó wà lẹ́nu iṣẹ́ náà títí di 1986.

Òǹkọ̀wé a máa fi ìwé sílẹ̀, agbẹ́gilére a máa fi ère sílẹ̀. Ti sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ yàtọ̀: bí ọ̀rọ̀ ti ń bọ́ lẹ́nu rẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń gbé e lọ. Téèpù wọ́n láyé ìjọ́un. BBC pàápàá pa ọ̀pọ̀ ètò rẹ̀ rẹ́ kí ó lè tún téèpù lò.

Àwáwí yẹn kò sí mọ́ lónìí. Ó tọ́ kí àwọn iléeṣẹ́ ìjọba, láti Ìbàdàn dé Kano, wá téèpù tó kù nínú àká wọn, kí wọ́n sì gba ìtàn sílẹ̀ lẹ́nu àwọn àgbà sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ tó ṣẹ́kù. Owó ìfẹ̀yìntì nìkan kọ́ ni ẹ̀tọ́ ẹni tó fi ohùn sin ìlú.