Ta ni yóò jẹ́rìí ọ̀dọ́ onísáyẹ́ǹsì?

Ọ̀dọ́ Ibiade tí ó bá gboyè sáyẹ́ǹsì ní Yunifásítì Olabisi Onabanjo, Àgó-Ìwòyè, tí ó sì fẹ́ gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Amẹ́ríkà, yóò rí i pé lẹ́tà ẹ̀rí mẹ́ta ni ọ̀pọ̀ yunifásítì ibẹ̀ ń béèrè. Ibi tí àwọn kan ti ń ṣìnà nìyí: ọ̀dọ̀ olóyè tàbí ọ̀gá àgbà tí kò mọ iṣẹ́ wọn ni wọ́n ń sáré lọ. Owó fọ́ọ̀mù tí òbí tù jọ a sì ṣòfò.

Islam kọ̀ kí ènìyàn jẹ́rìí sí ohun tí kò mọ̀. Irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ kò sì níyì lójú àwọn tí ń yan akẹ́kọ̀ọ́. Olùkọ́ tí ó bójú tó iṣẹ́ ìwádìí àṣekágbá ni kí ọ̀dọ́ kọ́kọ́ tọ̀ lọ, ìbáà jẹ́ pé ipò rẹ̀ kéré. Òun ni ó rí i bí akẹ́kọ̀ọ́ ti ṣe nígbà tí àyẹ̀wò kò bọ́ sí i. Kí àwọn méjì yòókù jẹ́ olùkọ́ tí ó kọ́ ọ ní ẹ̀kọ́ tí ó fẹ́ tẹ̀síwájú nínú rẹ̀. Bí ẹnì kan bá ń lọ́ra, kí ó wá ẹlòmíràn.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ jẹ́ kí olùkọ́ ti mọ iṣẹ́ yín kí ọjọ́ lẹ́tà tó dé.