Ẹ Má Ṣe Jẹ Irúgbìn Ẹ̀wà Tán

Ẹ̀yin ará wa àgbẹ̀ ní Àjàṣẹ́, ní Ṣakété, ní Pòbè àti ní Kétu, ẹ̀yin ìyá wa tí ń din àkàrà, ẹ gbọ́. Ẹni tí kò ní owó ẹran, ẹ̀wà ni ẹran rẹ̀. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ irúgbìn ẹ̀wà kì í ṣe ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ nìkan. Ọ̀rọ̀ gbogbo wa ni.

Ẹ wo ẹ̀wà tí ó wà lọ́jà. Funfun wà níbẹ̀, pupa wà níbẹ̀, èyí tí ojú rẹ̀ dúdú náà wà níbẹ̀. Lóko, ọ̀kan ń fà nílẹ̀, òmíràn ń nàró. Ọ̀kan ń tètè gbó, òmíràn ń pẹ́. Àwọn baba ńlá wa ní Áfíríkà ni wọ́n sọ ẹ̀wà inú igbó di ẹ̀wà oko, tí wọ́n sì ń ṣà á láti ìran dé ìran. Ogún ni oríṣìíríṣìí yìí jẹ́ fún wa.

Kí ni èrè rẹ̀? Ẹ gbọ́ àpẹẹrẹ kan. Ilé ìwádìí ọ̀gbìn IITA, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1967, ti kó irúgbìn ẹ̀wà jọ láti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Ó lé ní 15,000 tí ó wà nínú àká rẹ̀. Ní àwọn ọdún 1970, wọ́n dán ẹgbẹẹgbẹ̀rún wò láti mọ èyí tí kòkòrò inú àká kò ní lè bàjẹ́. Díẹ̀ péré ni ó yege. Ọ̀kan nínú wọn ni ẹ̀wà ìbílẹ̀ kan láti Nàìjíríà, tí wọ́n ń pè ní TVu 2027. Kòkòrò ń yé ẹyin sí i lára, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọmọ kòkòrò náà ń kú sínú hóró. Wọ́n pa á pọ̀ mọ́ ẹ̀wà tí ń so dáadáa, ó sì di ìyá ọ̀pọ̀ ẹ̀wà tuntun.

Ká ní àgbẹ̀ tí ó ní ẹ̀wà yẹn ti jẹ ẹ́ tán, níbo ni à bá ti rí i? Àwọn kan ń sọ pé bí irúgbìn tuntun bá dé, kí á da ti àtijọ́ nù. Ọ̀rọ̀ náà kò dára. Ti àtijọ́ ni ó bí tuntun.

Ẹ wo kòkòrò Maruca pẹ̀lú, tí ń jẹ òdòdó àti èso ẹ̀wà. Nínú gbogbo ẹ̀wà oko tí wọ́n kó jọ, wọn kò rí èyí tí ó lè kò ó lójú gidi. Nítorí náà, wọ́n lọ mú agbára náà láti ara kòkòrò àìfojúrí inú ilẹ̀, ìjọba Nàìjíríà sì fọwọ́ sí ẹ̀wà náà ní 2019. Ohun tí kò sí nínú ìdílé, òde ni wọ́n ti lọ yá a.

Nísinsìnyí, báwo ni a ṣe ń ṣa irúgbìn? Ohun mẹ́ta ni ó ń mú ìkórè pọ̀: iye èso lórí igi kan, iye hóró nínú èso kan, àti bí hóró ti wúwo tó. Lọ́pọ̀ ìgbà, bí hóró bá tóbi, iye rẹ̀ a dín. Ẹ ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Inú oko ni kí ẹ ti ṣà á, nítorí hóró inú àpò kò lè sọ bí ìyá rẹ̀ ti so tó.

Ẹ ṣọ́ra o! Igi tí ó wà lẹ́bàá ààtàn lè so ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ni ó ràn án lọ́wọ́. Bí ẹ bá gbin ọmọ rẹ̀ síbòmíràn, kò ní yàtọ̀ sí àwọn yòókù. Igi tí ó wà lórí ilẹ̀ kan náà ni kí ẹ fi wé ara wọn. Òdòdó ẹ̀wà kì í sábà gba ìyẹ̀fun òdòdó mìíràn, ti ara rẹ̀ ni ó ń lò. Nítorí náà ọmọ máa ń jọ ìyá, iṣẹ́ ẹni tí ó ṣà dáadáa kì í sì í ṣòfò.

Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ̀ ọ́n kọ, iṣẹ́ yín rèé. Ẹ ra ìwé kan fún ẹ̀wà. Ẹ kọ orúkọ irúgbìn kọ̀ọ̀kan, ibi tí ó ti wá, ọjọ́ tí ẹ gbìn ín, ọjọ́ tí ó gbó, àti iye tí ó so. Ẹ bi àwọn àgbà léèrè orúkọ àwọn ti àtijọ́ kí wọ́n tó gbàgbé. Ẹ sá díẹ̀ nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan kí ó gbẹ dáadáa, kí ẹ rọ ọ́ sínú ìgò, kí ẹ dé e pinpin. Bí ebi tilẹ̀ ń pa ilé, ẹ má ṣe fọwọ́ kan ìgò náà. Ìkórè ọdún tí ń bọ̀ ni ó wà nínú rẹ̀.