Omi Kò Lè Bá Yín Dín Owó Epo Kù

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, bọ̀ọ̀dá mi tí wọ́n ń wa kábúkábú n'Íbàdàn pè mí. Mẹkáníìkì kan ti sọ fún wọn pé ẹ̀rọ kékeré kan wà tí wọ́n ń so mọ́ ẹ́ńjìnnì. Iná bátìrì mọ́tò ló máa fi fa háídírójìn yọ látinú omi, háídírójìn yẹn á máa bá epo jó pọ̀, owó epo á sì dín kù sí ìdajì. Owó tí wọ́n fẹ́ fi rà á, owó iléèwé àwọn ọmọ ni. "Ìwọ lo ń ka sáyẹ́ǹsì. Ṣé òótọ́ ni?"

Mi ò lè bá wọn wí. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní 2023, tí bẹntiróòlù fò láti nǹkan bíi ₦190 sí ohun tó lé ní ₦480, kò sí ohun tí onímọ́tò ò ní gbọ́. Àmọ́ mo ní kí wọ́n má rà á o. Ẹ jẹ́ ká jọ ṣírò ẹ̀.

Ká ní agbára tó wà nínú bẹntiróòlù jẹ́ 100. Èyí tó pọ̀ jù ló ń bá ooru àti èéfín lọ. Tí ẹ́ńjìnnì bá dáa, bíi 30 ló máa fi ṣiṣẹ́. Ẹ fi 30 yẹn yí alternator, bíi 18 ló máa di iná. Ẹ fi iná yẹn ya omi, bíi 12 ló máa wà nínú háídírójìn. Háídírójìn náà á tún padà sínú ẹ́ńjìnnì kan náà tó ń fi ooru ṣòfò, ohun tó máa jáde kò ní ju 4 lọ. Ẹ fi 30 ra 4. Ṣé ọjà nìyẹn?

Àwọn tó ń tà á á ní háídírójìn kì í ṣe epo níbẹ̀, pé iyọ̀ ọbẹ̀ ni, ó kàn ń jẹ́ kí bẹntiróòlù jó dáadáa. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, ibẹ̀ ló sì ti ń tan èèyàn. Iná háídírójìn yára ju ti bẹntiróòlù lọ fíìfíì. NASA dán an wò ní 1977: tí háídírójìn bá wà níbẹ̀, ẹ́ńjìnnì lè fi epo díẹ̀ jó nínú afẹ́fẹ́ púpọ̀ láì kú. Ṣùgbọ́n inú sílíńdà àti látara methanol ni wọ́n ti rí háídírójìn tiwọn, kì í ṣe látinú bátìrì mọ́tò. Ẹ̀rọ tó ń mú lítà gáàsì kan jáde ní ìṣẹ́jú kan, agbára inú ẹ̀ kò ju bíi wáàtì 110 lọ. Mọ́tò tó ń sáré lọ́nà márosẹ̀ ń jó epo tó tó wáàtì 50,000. Ẹyọ iyọ̀ kan nínú ìkòkò ọbẹ̀ ìnáwó!

Ẹ rántí àwọn ọmọbìnrin mẹ́rin tí wọ́n gbé jẹnẹrétọ̀ tó ń lo ìtọ̀ wá sí Maker Faire Africa l'Ékòó ní 2012. Ìròyìn ní lítà ìtọ̀ kan ń fúnni ní iná wákàtí mẹ́fà. Orí àwọn ọmọ yẹn ṣì ń wú mi: wọ́n ronú bí wọ́n ṣe máa sẹ́ gáàsì náà, wọ́n sì fi borax gba omi ara ẹ̀ kúrò. Àwọn oníròyìn ni mo bínú sí. Ọ̀pọ̀ wọn ò béèrè ibi tí iná tí wọ́n fi ya ìtọ̀ ọ̀hún ti wá. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ní 1996, ilé ẹjọ́ kan ní Ohio, l'Amẹ́ríkà, ti dá Stanley Meyer, tó ní omi lòun fi ń wa mọ́tò, lẹ́bi jìbìtì, wọ́n sì ní kó dá owó àwọn tó fowó sí i padà.

Ẹ̀rù ń bà mí fún búùtù mọ́tò náà pẹ̀lú. Bí háídírójìn bá ti tó ìdá 4 nínú 100 afẹ́fẹ́, ó ti lè gbiná.

Mo ní kí bọ̀ọ̀dá mi sọ fún mẹkáníìkì náà pé ká kún táǹkì dẹ́nu, ká wakọ̀ lọ sí Ọ̀yọ́ ká padà, ká tún un kún: lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú ẹ̀rọ náà, lẹ́ẹ̀kan láìsí i. Ó ní òun máa pè wá padà. A ṣì ń retí.