Fọ́tò Ìbejì Tí Mo Ní Kí Wọ́n Sọ̀ Kalẹ̀

Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba oyè àlùfáà, mo ṣe ohun kan ní Yemẹtu tí ó ṣì ń dùn mí títí di òní. Ìyá kan tí ilé rẹ̀ kò jìnnà sí Ilé Ìwòsàn Adéọ̀yọ́ pè mí wá gbàdúrà fún ìdílé rẹ̀. Mo rí fọ́tò kan lára ògiri: ọmọdébìnrin méjì jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, aṣọ kan náà, ojú kan náà, ẹ̀rín kan náà. Mo béèrè àwọn ìbejì náà. Ìyá dáhùn pé Kẹ́hìndé nìkan ló wà láàyè. Táíwò ti kú kí ó tó fẹsẹ̀ rìn. Onífọ́tò ló ya Kẹ́hìndé, tí ó sì tẹ àwòrán kan ṣoṣo náà lẹ́ẹ̀mejì sórí bébà kan. Mo ní ìbọ̀rìṣà ni, kí wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ìyá náà kò bá mi jiyàn. Ó kàn sọ pé, “Ẹ má bínú, Àlùfáà. Òun ni mo fi ń mọ bí ọmọ náà ì bá ti dàgbà tó.”

Ó pẹ́ kí n tó mọ ohun tí mo bà jẹ́. Ní 1978, ará Amẹ́ríkà kan, Stephen Sprague, tẹ ìwádìí rẹ̀ jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà African Arts, lórí àwọn onífọ́tò Yorùbá, pàápàá àwọn ti Ìlá Ọ̀ràngún. Ó ṣàlàyé pé bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú kí wọ́n tó ya wọ́n pọ̀, onífọ́tò a ya èyí tí ó kù, a sì tẹ àwòrán rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Bí wọ́n bá jẹ́ ọkùnrin àti obìnrin, wọn a wọ aṣọ méjèèjì fún ọmọ tí ó kù ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọn a sì yà á lẹ́ẹ̀mejì. Láyé àtijọ́, ère ìbejì ni agbẹ́gilére ì bá gbẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn ìdílé onígbàgbọ́ àti mùsùlùmí kò fẹ́ ère mọ́, fọ́tò sì rọ́pò rẹ̀ nínú ilé ọ̀pọ̀ wọn. Ẹ wò ó bí mo ti ṣe é: ohun tí wọ́n fi kúrò nídìí ère ni mo pè ní ère.

Mo sọ ìtàn yìí nítorí ohun tí mo ń gbọ́ lẹ́nu àwa òbí. Àwọn ọmọ wa ń fi kámẹ́rà inú fóònù dá oríṣiríṣi àrà: wọ́n ń gbé fọ́tò lé fọ́tò lórí, wọ́n ń jẹ́ kí òjìji bo ìdajì ojú, wọ́n ń múra bí ẹni inú àwòrán àtijọ́. Àwa a ní iṣẹ́ ọ̀lẹ ni, tàbí àfarawé lásán, tàbí kí á fi orúkọ ẹ̀ṣẹ̀ pè é, bí mo ti ṣe. Èrò tèmi ni pé ẹ̀kọ́ ni, ó sì yẹ kí ilé ẹ̀kọ́ wa fi kọ́ wọn dáadáa.

Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè. Onífọ́tò Ìlá wo iṣẹ́ agbẹ́gilére, ó sì wá ọ̀nà tí kámẹ́rà yóò fi ṣe irú rẹ̀. Ohun kan náà ni Omar Victor Diop, ọmọ Dakar tí a bí ní 1980, ṣe nínú àwọn fọ́tò tí ó pè ní Project Diaspora ní 2014. Ó wo àwòrán ènìyàn dúdú tí àwọn ará Yúróòpù fi ọ̀dà yà: Juan de Pareja tí Velázquez yà ní 1650, àti Ayuba Suleiman Diallo tí William Hoare yà ní 1733. Ó wọ irú aṣọ wọn, ó dúró bí wọ́n ti dúró, ó sì ya ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó fi ohun eléré bọ́ọ̀lù kún un, kí á lè rántí àwọn ọ̀dọ́ Áfíríkà tí Yúróòpù ń pàtẹ́wọ́ fún lórí pápá, tí kò sì tíì gbà tán gẹ́gẹ́ bí ọmọ ilé. Ó tún kọ́gbọ́n lára Seydou Keïta àti Malick Sidibé, àwọn onífọ́tò Bamako. Kò sí ẹni tí yóò pe èyí ní olè. Ó yá nǹkan, ó sì san án padà tèlé-tèlé.

Ìbàdàn wa kò gbẹ́yìn. Ìlú yìí ni J. D. ’Okhai Ojeikere, tí a bí ní 1930, ti ṣiṣẹ́ ní 1954 nínú yàrá òkùnkùn tí iléeṣẹ́ ìròyìn ìjọba ti ń fọ fọ́tò. Láti 1968 ni ó ti ń ya irun orí àwọn obìnrin wa. Ẹ̀yìn orí ni ó sábà máa ń yà, tí irun dídì àti irun kíkó fi dúró bí ère tí a gbẹ́. Ó yà wọ́n tó bí 1,000. Bí ó bá jẹ́ ojú nìkan ni ó yà bí gbogbo ènìyàn ti ń ṣe, ọ̀pọ̀ nínú ọnà orí àwọn ìyá wa ì bá ti parẹ́.

Mo mọ̀ pé àwọn àlùfáà ẹgbẹ́ mi yóò bi mí nípa òfin kejì. Ère tí a ń forí balẹ̀ fún ni òfin náà dojú kọ. Nínú ìwé Ẹ́kísódù kan náà ni a ti kà nípa Besaleeli, tí Ọlọ́run fi ẹ̀mí rẹ̀ kún fún iṣẹ́ ọnà. Irọ́ ni ó yẹ kí á bẹ̀rù. Fọ́tò tí a yí padà láti ba orúkọ ẹnìkejì jẹ́, tàbí láti fi gba owó aláìmọ̀kan, ẹ̀ṣẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ìyá Kẹ́hìndé kò tan ẹnikẹ́ni jẹ. Gbogbo ilé ló mọ̀ pé ọmọ kan ṣoṣo ló jókòó níwájú kámẹ́rà. Ìyàtọ̀ yìí ni ó yẹ kí á kọ́ àwọn ọmọ, a kò sì lè kọ́ wọn bí a bá lé wọn kúrò nídìí iṣẹ́ náà.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ jáde ẹlẹgbẹ́ mi, a ti máa ń fi àga àti fáànù ta ilé ẹ̀kọ́ wa lọ́rẹ. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹ jẹ́ kí á fi kámẹ́rà díẹ̀ kún un, àti ìwé tí àwòrán àwọn ọ̀gá wà nínú rẹ̀, kí á sì bẹ̀bẹ̀ fún ògiri kan nínú gbọ̀ngàn fún iṣẹ́ àwọn ọmọ. Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín bá gbé fọ́tò tí kò yé yín wá, ẹ kọ́kọ́ béèrè ohun tí ó ń wá àti ẹni tí ó wò kọ́ṣẹ́, kí ẹ tó dájọ́. Èmi kò béèrè. Ìyá náà ti sùn nínú Olúwa, n kò sì mọ ibi tí fọ́tò náà wọlẹ̀ sí. Ògiri tí mo ní kí wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lára rẹ̀ ni mo ń rí nígbàkigbà tí mo bá gba Yemẹtu kọjá.