Dísìkì Kò Mount? Ẹ Má Tíì Fọ́máàtì Rẹ̀

Bí àsìkò iṣẹ́ àṣekágbá bá ti dé, ìmọ̀ràn kan wà tó máa ń tàn káàkiri láàárín àwa akẹ́kọ̀ọ́. Bí Linux bá kọ̀ láti gba dísìkì ẹnì kan, ọ̀rẹ́ rẹ̀ á ní, "Ṣáà fọ́máàtì ẹ̀." Lójú tèmi, ìmọ̀ràn yìí ń ba iṣẹ́ jẹ́ ju àìsàn tó ń ṣe dísìkì fúnra rẹ̀ lọ.

Unix kò ní C: àti D: bíi ti Windows. Igi kan ṣoṣo ló wà, / sì ni gbòǹgbò rẹ̀. Kí a mount dísìkì kò ju kí a so ó mọ́ fódà kan lára igi náà. Nítorí náà, "kò mount" kì í ṣe "ó ti bàjẹ́." Ó lè jẹ́ pé fódà náà kò sí, pé UUID tó wà nínú /etc/fstab kì í ṣe ti dísìkì yìí mọ́, tàbí pé /dev/sdb àná ti di /dev/sdc lónìí. Bí ó bá jẹ́ NTFS tí Windows kò pa tán nítorí Fast Startup, ẹ padà sí Windows, ẹ yọ Fast Startup, kí ẹ sì pa ẹ̀rọ náà pátápátá. Kò sí èyí tó gba fọ́máàtì níbẹ̀.

Ohun tó ń dẹ́rù ba ọ̀pọ̀ wa ni ọ̀rọ̀ tí mount máa ń kọ jáde: "wrong fs type, bad option, bad superblock." Ìdí púpọ̀ ló kó pọ̀ sójú kan yẹn, kò tíì sọ èyí tó jẹ́ gan-an. Ẹ kọ́kọ́ tẹ lsblk láti mọ̀ bóyá kernel rí dísìkì náà. Bí kò bá rí i, ẹ pààrọ̀ wáyà. Bí ó bá rí i, ẹ ka ìparí dmesg. Bí "I/O error" bá ń jáde níbẹ̀, dísìkì fúnra rẹ̀, tàbí wáyà rẹ̀, ló ń ṣàìsàn: ẹ má fi fsck dà á láàmú. Ẹ fi ddrescue ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sórí òmíràn tó tóbi tó o, kí ẹ sì tún ẹ̀dà náà ṣe. Bí kò bá sí irú rẹ̀, tó sì jẹ́ ext4 tí iná lọ lójijì mọ́ lórí, fsck -n á yẹ̀ ẹ́ wò láìkọ ohunkóhun sí i.

Àwọn kan á ní kò sáyè, ọ̀la ni ìfisílẹ̀. Bí ẹ̀dà bá wà níbòmíràn, mo gbà. Bí kò bá sí, ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí ẹ fẹ́ fi pamọ́ lè gba iṣẹ́ ọdún kan lọ́wọ́ yín. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí àwọn olùkọ́ wa kò wọ́n: ẹ fún wa ní fáìlì image kan tí ẹ mọ̀ọ́mọ̀ bà jẹ́, kí a fi loop device kọ́ bí a ṣe ń tún un ṣe ní lábù. Ó sàn kí a kọ́ ọ níbẹ̀ ju kí a kọ́ ọ lórí iṣẹ́ àṣekágbá wa lọ.